Ṣé fíìmù jẹ ìwé ní gbèsè ni?

Nínú dánfó tó gbé mi láti Ìjànìkín lọ sí Okokomaiko, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan ń jiyàn lẹ́yìn mi lórí Elesin Oba, fíìmù Biyi Bandele tó bọ́ sórí Netflix lọ́dún 2022. (Bandele ti kú kí aráyé tó rí i, ó ṣe ni láàánú.) Ọ̀kan ní, "Kò tẹ̀ lé ìwé." Èkejì ní, "Ìwọ gan-an, ṣé o ka ìwé yẹn?" Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín.

Ìwé wo gan-an? Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀ láyé òyìnbó. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe eré Yorùbá, Ọba Wàjà, lọ́dún 1964, kí Wọlé Ṣóyínká tó tẹ tiẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1975. Ṣóyínká fúnra ẹ̀ sún ìṣẹ̀lẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè bọ́ sásìkò ogun Hitler. Ta ló wá tẹ̀ lé ta?

Ní tèmi, ibi tí fíìmù yẹn ti dùn jù ni ọjà, tí Ọdúnladé Adékọ́lá ti ń fi Yorùbá dárà. Ilé òyìnbó ló ti ń tiro, torí pé ó rọ̀ mọ́ ìwé jù: ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni wà lórí ìtàgé.

Èmi tí mo ka òfin mọ̀ pé Òfin Copyright ti 2022 ní kó o gbàṣẹ kó o tó sọ ìwé ẹni di fíìmù, títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Fágúnwà kú lọ́dún 1963, torí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi Ògbójú Ọdẹ ṣe fíìmù ṣì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ títí di ìparí 2033. Òǹkọ̀wé tún lè pẹjọ́ bí wọ́n bá da iṣẹ́ ẹ̀ rú débi pé ó bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí fíìmù jọ ìwé láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹ wo Ó Le Kú. Ọdún 1974 ni ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997, làwọn obìnrin bá ń rán ìró àti bùbá olékù káàkiri. Kò sẹ́ni tó mú ìwé dání lọ sọ́dọ̀ télọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ya fíìmù ló ń kọ mí lóminú. Tá a bá ń fi "kò tẹ̀ lé ìwé" nà wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n á sá fún ìwé pátápátá, wọ́n á padà sídìí fíìmù olówó oògùn.