Ọjà Tí Oníbàárà Kò Fọwọ́ Kàn

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Àdúgbò wa níhìn-ín, ní Ring Road n'Ìbàdàn, ni ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú mi.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa tí ó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe. Ọwọ́ ìyá tí ó bí i ni ó ti kọ́ ọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni ó fi ń ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí ó tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Lẹ́yìn èyí a sì máa fi rán báàgì. Ó yá owó nínú àjọ ẹgbẹ́ wa, ó ra fóònù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì bá a ṣí ìsọ̀ sórí WhatsApp àti Instagram. Kò tí ì pé oṣù méjì tí obìnrin kan láti Ìlọrin fi ra báàgì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìyá wa dùn, ó ti ń ka owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ lórí ìka. Ṣùgbọ́n nígbà tí báàgì dé Ìlọrin, obìnrin náà dá gbogbo rẹ̀ padà, ó sì kọ ọ́ síbi tí tọmọdé tàgbà ti lè kà á pé onígbájúẹ̀ ni ìyá yìí.

Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe láàrin jàmáà. Kí a tó kí ìrun Jímọ̀, ó ti dé etí gbogbo ènìyàn. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó ti ìsọ̀ náà pa. Òun náà wá síwájú Ìmáàmù, ó bú sẹ́kún, ó ń búra pé òun kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí láyé òun.

Ìmáàmù ní kí èmi tí mo ń ṣe akọ̀wé mọ́sálásí wo ọ̀rọ̀ náà wá. Mo ní kí wọ́n mú báàgì wá, kí wọ́n sì fi àwòrán tí obìnrin Ìlọrin rí hàn mí. Háà! Nínú àwòrán, aṣọ náà ń tàn bí ojú ọ̀run ọ̀sán. Èyí tí mo dì mú lọ́wọ́ sì dúdú bí aró tí ó gbó. Ọmọ náà ti fi ohun tí wọ́n ń pè ní fílítà kun àwòrán náà kí ó lè fani mọ́ra. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n gbé e sí, kò sí ohun kan nítòsí tí a fi lè mọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ó jọ báàgì tí a lè gbé lọ sí ọjà Dùgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, pọ́ọ̀sì àti tẹ̀sùbáà ni ó lè gbà. Ohun tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju pé báàgì àdìrẹ tó rẹwà ni, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ wá bi wọ́n ní kọ̀rọ̀.

Ìyá wa kò purọ́. Fóònù ni ó bá a pa á. Síbẹ̀ Ìmáàmù ní kí ó dá owó padà pátápátá, kí ó sì fi owó mọ́tò kún un. Ìdájọ́ náà dùn ún, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti ké kéú dé orí Risala ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani mọ̀ pé àwọn onímímọ̀ wa gbà kí a ta ohun tí kò sí lójú, bí a bá ti ṣe àpèjúwe rẹ̀. Àpèjúwe ni ó dúró bí ojú fún ẹni tí ń rà á. Bí ohun tí ó dé bá yàtọ̀ sí èyí tí a sọ, ọwọ́ oníbàárà ni yíyàn wà. Nígbà tí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ń san owó dàbínù sílẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú. Kò dá wọn lẹ́kun. Ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n mọ òṣùwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Kí ni ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tún fẹ́ ju èyí lọ?

Ẹ sì rántí hàdíìsì òkìtì oúnjẹ inú ọjà, tí Ànábì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí ó sì kan omi nísàlẹ̀. Olówò náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà kò ní ọwọ́ tí yóò tì bọ inú òkìtì. Ẹni tí ń tà ni yóò bá a tì í bọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé, a jókòó sí àgbàlá ìyá yìí, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni a kọ́kọ́ wò. Inú yàrá, lábẹ́ gílóòbù tí ń mú ohun gbogbo pọ́n, ni ọmọ náà ti ń ya àwòrán. A gbé tábìlì wá sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí, a sì tẹ́ aṣọ funfun kan lé e. Àárọ̀ dára, láti ìgbà tí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀ títí di bí aago mẹ́wàá. Lásìkò ìrun Àìlà, oòrùn gbangba a máa pa ojú àwòrán, a sì máa ju òjìji sábẹ́ gbogbo ìrán. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kí a pe Mọ̀gàríbì, ìmọ́lẹ̀ á ti pupa, àwọ̀ aró á sì yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa nu ojú kékeré tí ó wà lẹ́yìn fóònù yín. Obìnrin tí ó ń dáná tí ó sì ń dá fóònù lóhùn, epo kì í kúrò níbẹ̀. Mo fi etí aṣọ mi nu ti ìyá wa, ó dà bí ìgbà tí a ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé.

Àwòrán kan ṣoṣo kò tó fún báàgì. A ya iwájú, ẹ̀yìn, inú, ìdí, síìpù, àti ibi tí a rán ọwọ́ rẹ̀ mọ́. A wá sún mọ́ ọn gan-an láti ya ojú ọnà náà, níbi tí ìyẹ́ adìyẹ ti gbọ̀n díẹ̀. Ìyá wa fẹ́ fi ibẹ̀ pamọ́. Mo ní rárá, ìwọ̀nyí ni owó yín wà. Aṣọ tí ilé iṣẹ́ òkèèrè fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ lọ́jà lónìí tí wọ́n ń tà lórúkọ àdìrẹ, ọwọ́ ẹ̀rọ kì í sì í gbọ̀n.

Kí a lè mọ ìwọ̀n báàgì, ọmọ náà gbé Àlùkùránì wá kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ó tètè dá a padà sí àyè rẹ̀! Bírò kan tàbí tépù aránṣọ ti tó. Ẹnì kan tún dábàá pé kí ọmọbìnrin arẹwà kan gbé e kọ́ èjìká. Èmi kò fara mọ́ ọn. Báàgì ni a ń tà, ọwọ́ kan tí ó dì í mú ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ lásán, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pá. Ọ̀pá 1 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 91 àti díẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mítà ni wọ́n fi ń wọn aṣọ níbẹ̀. Ẹni tí ó ra 5 tí ó rò pé mítà ni, yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43 dín nígbà tí ọ̀pá bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ àwọn tí Sura 83 ń bá wí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ọnà náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń wá Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929 sí, kò ní rí i bí ó bá jẹ́ aṣọ tó rẹwà nìkan ni ẹ kọ. Ẹ sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láìfi àmì sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá ọjà.

Ti aró ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Ṣáájú ogun Hitler, àdìrẹ Abẹ́òkúta ń dé Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, ó sì ń dé Senegal. Nígbà tí aró òyìnbó àti sóódà wọ inú iṣẹ́ náà, àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé aṣọ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè wọ́n, àwọn obìnrin aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936. Èmi kò dá ẹni tí ń lo aró òyìnbó lẹ́bi. Iṣẹ́ àti ìnáwó ẹ̀lú kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí tí ẹ lò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó. Èmi kò mọ ẹni tí ó kọ́ àwọn olówò wa pé kí wọ́n máa fi í pamọ́. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 láti dáàbò bo oníbàárà kò gbà kí a pàtẹ ọjà láìfi iye rẹ̀ hàn.

Ohun tí a wá kọ sábẹ́ báàgì náà nìyí: “Báàgì àdìrẹ ẹlẹ́kọ (adire eleko), ọnà Ìbàdàndùn, ọwọ́ ni a fi ya á n'Ìbàdàn. Aró òyìnbó ni a lò. Àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ dúdú. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22, gíga rẹ̀ 16. Ó gba fóònù, pọ́ọ̀sì àti tẹ̀sùbáà, kò gba ìwé ńlá. Ó lè ṣí aró díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Àmì aró kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀, ẹ wo àwòrán kẹrin. Náírà 12,000. Báàgì yìí gan-an ni ẹ ó gbà.”

Nígbà tí a dé orí àmì aró yẹn, ìyá wa kọ̀. “Ààfáà, ṣé kí n máa fi ẹnu ara mi ba ọjà mi jẹ́ ni?” Mo ní, “Ìyá wa, òjò ti pa oúnjẹ náà, ẹ kó o sókè.” Ó pẹ́ kí ó tó gbà.

Obìnrin Ìlọrin gba owó rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síta pé òun ti gbà á. Ọkọ ìyá wa kò sọ̀rọ̀ pípa ìsọ̀ mọ́. Ní Alàmísì tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, ìyá wa sáré wá bá mi lẹ́nu géètì mọ́sálásí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹnì kan láti Èkó ti ra báàgì alámì aró náà, ó sì ń béèrè bóyá ó lè rí méjì sí i, bí àmì bá tilẹ̀ wà lára wọn.