Bí A Bá Padà Sórí Kẹ̀kẹ́ Tí Ìbàdí Sì Ń Dun Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ọ̀rọ̀ ìbàdí ni, èmi alára ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà tí ó sì fò lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ ti di ohun tí ń mú tíṣà ronú kí ó tó jáde nílé. Èmi pẹ̀lú jókòó, mo ṣe ìṣírò, mo sì rántí kẹ̀kẹ́ ológeere mi tí ó ti fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé láti bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni, kò sí òkè kan ní Ìbàdàn tí ń bà mí lẹ́rù lórí kẹ̀kẹ́ náà. Mo ra táyà tuntun, mo fi òróró sí ṣéènì, ní ọjọ́ Ajé kan mo sì gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kìlómítà márùn-ún ni àlọ, márùn-ún ni àbọ̀. Àwọn ọmọ ń hó yèè, "Tíṣà oníkẹ̀kẹ́!" Orí mi wú, mo tún fi ipá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ó wà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè rí i pé ara mi ṣì le.

Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, n kò lè gun àtẹ̀gùn kíláàsì mi láì di ògiri mú. Ní òru, bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ńṣe ni bèbèrè ìdí mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ kí á ta kẹ̀kẹ́ yìí kí ó tó sọ yín di ẹni tí ń tiro." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ní kí n wo ẹ̀yìn ná kí n mọ ohun tí ó gbé mi ṣubú. Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn tí ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, àwọn tí à ń pè ní físíò. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ bá yín pín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ìbàdí ti rí. Ẹ wo odó àti ọmọ odó. Orí eegun itan rí roboto bí orí ọmọ odó, ó sì wọ inú ihò kan lára eegun ìdí, bí ọmọ odó ti ń wọ inú odó. Iṣan ni ó yí i ká. Àwọn kan wà níwájú, tí ń fa itan sókè. Àwọn kan wà lẹ́yìn, iṣan ìdí ni wọ́n, nínú wọn ni èyí tí ó tóbi jù ní gbogbo ara wà, àwọn ni wọ́n sì ń ti ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ nígbà tí a bá ń wa kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kì í jẹ́ kí ìdí dà sí apá kan bí a bá ń rìn. Ẹni tí ó ń jókòó nídìí ọjà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tàbí tí ó ń jókòó máàkì ìwé ọmọ, iṣan iwájú rẹ̀ yóò le gan, ti ìdí àti ti ẹ̀gbẹ́ yóò sì rọ.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣe ìṣírò, iṣẹ́ mi kúkú ni. Bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ní ìṣẹ́jú 30 ó ti yí i nígbà 1,800. Àlọ àti àbọ̀ di 3,600. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó di 10,800. Ìbàdí tí kò mọ̀ ju àga àti ìdí pátákó ìkọ̀wé lọ fún ọdún mẹ́wàá ni mo dédé gbé irú iṣẹ́ yìí lé lórí! Ọkàn mi rántí ìgbà èwe. Ìbàdí mi kò rántí. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Ibi tí ìbàdí wà lónìí ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a fi í sí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ohun èkínní tí ó yẹ kí á ṣe ni kí á wo kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀. Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ní kí n gùn ún kí òun rí mi. N kò tíì lọ jìnnà tí ó fi pè mí padà.

"Tíṣà, ta ni ó rẹ ìjókòó yìí sílẹ̀ tó báyìí?"

Mo ní, "Àbúrò mi ni, Bàbá. Ó yá a lò nígbà kan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kò gun kẹ̀kẹ́ o, ẹ lóṣòó ni."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Bí ìjókòó bá kéré jù ní gíga, ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá yí dé òkè ni orúnkún yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ikùn, ìbàdí yóò sì ká ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá sì ga jù, ìdí yóò máa fì sọ́tùn-ún fì sósì kí ẹsẹ̀ lè tó pẹ́dà, èyí a sì máa yọ iṣan ẹ̀gbẹ́ lẹ́nu. Bí a ti ń wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ fara ti ògiri, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí dà. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé pẹ́dà bí a ti ń wà á gan-an, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn yín bí ẹ ti ń lọ, kí ó wò ó bóyá ìdí ń fì.

Èkejì ni bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ àti bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Gbígbé ẹsẹ̀ fì kọjá lórí ìjókòó a máa dun ìbàdí tí ó ti ń ṣàárẹ̀. Ẹ dẹ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kọjá ní ibi tí ó ti lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá dé ìdí òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má tíì di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín kí iṣan lè sinmi, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ kún un ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe jù, ẹ fún ìrora náà ní máàkì nínú 10, bí a ti ń fún ọmọ ilé ìwé. Bí ó bá gba 0 sí 2, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá gba 3 sí 5, tí ó sì ti padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò burú. Bí ó bá ju 5 lọ, tàbí tí ó burú sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Mo ní dín in kù o, n kò ní kí ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja. Ìbàdí tí a fi sílẹ̀ láìlò pátápátá yóò tún rọ sí i ni.

Ẹ̀kẹrin ni kí á fún iṣan lágbára. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè, ẹ kà á dé 5, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde láì fi ọwọ́ tì í, ẹ rọra padà jókòó, nígbà 10. Ní ti iṣan iwájú tí ó le, ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú, kí ẹ rọra ti ìbàdí síwájú títí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ń fà níwájú itan. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ kí ẹ ka 30. Èmi a máa ṣe gbogbo rẹ̀ kí n tó wẹ̀ láàárọ̀, kò sì gbà mí ní ìṣẹ́jú 15.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni ó ń dùn, ẹ má ṣe fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì, kí ẹ sì jáwọ́ nínú fífi ẹsẹ̀ kan gun èkejì bí ẹ bá jókòó. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tí a sì fún lè mú kí ara rọ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo oògùn, Paracetamol tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju hóró 8 oníwọ̀n 500 lọ ní wákàtí 24. Ẹni tí ó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ dédé máa lo ibuprofen àti irú rẹ̀.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí kì í ṣe gbogbo ìrora ìbàdí ni ẹ̀bi kẹ̀kẹ́. Tíṣà kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Òun náà padà sórí kẹ̀kẹ́, ibi tí itan ti pàdé ikùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní àárẹ̀ ni. Oṣù márùn-ún ni ó fi ń tiro, tí ó ń fi oògùn ìrora bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n tó bi í léèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní. SC ni. Ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun itan rẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́, eegun náà sì ti ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ì báà jẹ́ SS tàbí SC, tí ìbàdí bá ń dùn ún, kí ó má ṣe fi eré ìdárayá dán an wò kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni ẹni tí ó ti lo prednisolone tàbí dexamethasone fún ìgbà pípẹ́, nítorí àwọn oògùn wọ̀nyí lè ba orí eegun itan jẹ́. Ọtí àmujù lè ṣe é pẹ̀lú. Àwòrán X-ray lè máà fi í hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ohun gbogbo fún dókítà. Ẹni tí ó bá ṣubú tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí ibà ń ṣe pẹ̀lú ìrora, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, tàbí ẹni tí ìrora kì í jẹ́ kí ó sùn bí ó ti wù kí ó dùbúlẹ̀ tó, kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí irú èyí ni a ṣe ní ilé ìwòsàn bí UCH ní Ìbàdàn, àti ti eegun ní Ìgbóbì ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ibi ìtọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nígbà ogun àgbáyé kejì.

Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ó gbà mí kí n tó lè fi kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí n sì fi bọ̀ láìsí ìrora. Mo ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ nídìí òkè náà. Àwọn ọmọ kì í hó mọ́. Wọ́n ń bá mi tì í ni. Ìyàwó mi kò sì sọ̀rọ̀ títà mọ́. Ó ti ń bi mí bóyá òun náà lè kọ́ ọ.

Ire o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.