Àtẹ́lẹwọ́ Ẹni Kì Í Tanni Jẹ

Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Ẹni tó ń retí mọ̀lẹ́bí tàbí tó gbójú lé ìjọba ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, kó lè gbá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú. Yorùbá tó bá mọ ìtàn ìlú Kumasi ní Gánà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ìsọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ bá wọn délé.

Lónìí, ọjà tuntun tí wọ́n ṣí ní Kejetia, ní Kumasi, lọ́dún 2019 kún fún kọnkéré. Síbẹ̀ Ìlú Ọgbà ni wọ́n ń pe Kumasi, ẹni tó bá sì ní àgbàlá díẹ̀ lè gbin kontomire (ewé kókò), ata, ìgbá àti ewédú sí i, ì báà jẹ́ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́.

Ohun tí àwa tó ń pa òwe yìí máa ń gbàgbé ni pé àtẹ́lẹwọ́ tí kì í tanni jẹ, èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Kókò tí a ń já ewé rẹ̀ ṣe kontomire, oje rẹ̀ a máa yúnni. Wèrèpè tó bá rá wọ inú ọgbà ń kọ́? Ẹni tó ti fara kàn án rí kò nílò àlàyé. Ata rodo tí a fi ọwọ́ lásán tú kóró rẹ̀, ojú ló máa gbọ́ ọ lálẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró pa ọwọ́, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí omi nìkan kì í ṣí oró ata. Bí ọyẹ́ bá wá dé lóṣù Ọ̀pẹ, a máa la ọwọ́ bí àbàtà tó gbẹ.

Ìbọ̀wọ́ aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dára fún koríko títu. Ti rọ́bà pátápátá ni ti ìgbẹ́ adìẹ àti oògùn kòkòrò, ti awọ sì ni ti ẹ̀gún. Lálẹ́, òrí ni kí ẹ fi ra ọwọ́. Nkuto ni àwọn Ashanti ń pè é. Lójú tèmi, ó sàn ju ọ̀pọ̀ ìpara olówó gọbọi lọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ bọ́: ìgbà tí a bá ń wò ó bóyá ilẹ̀ ń fẹ́ omi. Kì í ṣe òǹgbẹ nìkan ló ń pa ewébẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Omi àpọ̀jù náà ń pa á. Ojú a sì máa tanni: òkè ilẹ̀ lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ṣì tutù, ewé lè rọ lọ́sàn-án nítorí oòrùn, kó tún nà lálẹ́. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín láàárọ̀ kùtù, ní ìdí, kì í ṣe lórí ewé, kí omi náà dé gbòǹgbò. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò wọlẹ̀, òkè níbi tí oòrùn ti ń yan ilẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ẹ wá fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà bo ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo ohun ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì a máa tètè gbẹ ju ti ilẹ̀ lọ, ẹ máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Ẹ má sì gbàgbé láti lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Omi wo ni kí a lò? Odò tó ń gba àárín Kumasi kọjá, bíi Subin, ti gba ìdọ̀tí ìlú mọ́ra, ewébẹ̀ tí wọ́n bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ rin lè gbé àrùn wọ inú abọ́. Ibí ni ọgbà ilé ti borí: ẹ mọ omi tí ẹ fi rin ín.

Ìka tó ní egbò kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ láìsí ìbọ̀wọ́. Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran fún ọdún gbọọrọ. Bí ìṣó tàbí ẹ̀gún bá gún yín nínú ọgbà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an.