Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Owó Kò Fi Jẹ́ Owó

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023, ni adájọ́ méje ní Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ l'Ábùjá sọ pé náírà àtijọ́ tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ ṣì jẹ́ owó, kí a máa ná an lọ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ni Báńkì Àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu pé òun gbọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ìdájọ́ wà, owó wà lápò, a ò sì rí nǹkan fi rà.

Ọjọ́ mẹ́wàá lè dà bí nǹkan kékeré létí ẹni tó ń gba owó oṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Òjé n'Ìbàdàn. Ọjà aṣọ òkè ibẹ̀ kì í ṣe ọjà ojoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, bí àwọn àgbà ṣe ń ka ọjọ́ mọ́ ọjọ́, ni wọ́n fi ń ná an. Ahunṣọ á gbé ẹtù, sányán àti àlàárì wá láti Ìṣẹ́yìn, oníbàárà á wá láti Èkó àti Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ọjà bá tú mọ́ lórí, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní tí ìjọba kọ́kọ́ dá pé owó àtijọ́ yóò dópin títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ọjọ́ 41 ni. Ó kéré tán, ọjà Òjé bọ́ sí àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo ìdì aṣọ kan péré. Oníbàárà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n ti ná an já. Ó na ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ sí aláṣọ, aláṣọ fà sẹ́yìn: "Ẹ má bínú, ìyá mi, báńkì ò ní gbà á lọ́wọ́ mi." Ó wá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ fóònù. Owó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, àlẹ́ẹ̀tì ò wọlé sọ́dọ̀ ẹni tó ń retí rẹ̀. Ta ni yóò yọ̀ǹda aṣọ? Ta ni yóò fi aṣọ sílẹ̀ lọ? Ahunṣọ tó bá sì ríṣẹ́ rẹ̀ tà, owó ọkọ̀ tí yóò fi padà sí Ìṣẹ́yìn di ìṣòro, nítorí owó tuntun ni dírẹ́fà ń béèrè. Ó di ọ̀dọ̀ oní-POS, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹgbẹ̀rún méjì, nígbà mìíràn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. A ń fi náírà ra náírà.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Godwin Emefiele, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé wọn yóò pààrọ̀ igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà. Ó ní owó tó wà níta báńkì ti pọ̀ jù, wọ́n sì mẹ́nu ba àwọn ajínigbé àti àwọn tó ń fowó ra ìbò. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n owó tó ju tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ tó wà níta ní oṣù kẹwàá kò tó tírílíọ̀nù kan mọ́ nígbà tí oṣù kejì parí. Wọ́n kó ti àtijọ́ wọlé, wọn ò kó tuntun jáde tó bẹ́ẹ̀.

Kàdúná, Kogí àti Zamfara gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Ní ọjọ́ 16, Ààrẹ Buhari bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní igba náírà àtijọ́ nìkan lòun fọwọ́ sí. Ará Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí kóòtù: bí wọ́n bá tú ìgbéyàwó ká ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, ìyàwó á ti máa di ẹrù rẹ̀. Ti Àbújá ni ìjọba ń gbọ́ tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Amẹ́ríkà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí irú rẹ̀ rí. Ní 1933, Ààrẹ wọn, Roosevelt, gba wúrà lọ́wọ́ aráàlú, ìjọba sì sọ àdéhùn tó ní kí a fi wúrà san gbèsè di asán. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ, Roosevelt ti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò bá ará ìlú sọ sílẹ̀, pé bí wọ́n bá dá òun lẹ́bi, òun ò ní tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1935, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin, ìjọba jàre, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìjọba tiwa jẹ̀bi, ó sì dákẹ́. Èmi ò mọ èyí tó burú jù nínú kí ìjọba sọ pé òun ò gbọ́ àti kó má fèsì rárá, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ló pa ọlọ́jà.

Buhari kan náà ló pààrọ̀ owó ní 1984, nígbà tó jẹ́ ológun. Àṣẹ ìjọba ológun kò ṣeé gbé lọ sí kóòtù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ìtẹ̀síwájú la ní tí ìpínlẹ̀ fi lè pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí owó, kó sì jàre. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Abala 20 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní wọ́n lè gba owó padà lẹ́yìn ìkìlọ̀ tó bọ́gbọ́n mu. Ọgbọ́n ta ni? Báńkì ní tòun bọ́gbọ́n mu. Adájọ́ Emmanuel Agim, tó kọ ìdájọ́ náà, ní kò bọ́gbọ́n mu, wọn ò sì fọ̀rọ̀ lọ àwọn ìpínlẹ̀. Kí adájọ́ tó túmọ̀ rẹ̀, ọjà ti tú.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ti ní kí owó àtijọ́ àti tuntun jọ máa lọ. Ọjọ́ kan yóò ṣì dé tí ìjọba mìíràn yóò fẹ́ pààrọ̀ owó. Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábùjá, ẹ kọ iye ọjọ́ pàtó sínú abala 20 yẹn. Ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ilé ẹjọ́ bá ti dájọ́ lórí owó, ọ̀la ni Báńkì Àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kéde fáyé.