Ẹ̀bi Onífọ́tò Nìkan Kọ́

Ẹni tí ó bá ti ṣe àìsùn òkú àgbà rí mọ̀ pé òru ọjọ́ náà kì í padà wá mọ́. Àwòrán tí a yà níbẹ̀ ni ó ń ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Nígbà àìsùn ìyá ìyá mi, iná mànàmáná lọ, àtùpà ni a fi ṣe é mọ́jú. Nígbà tí onífọ́tò tí a gbà kó iṣẹ́ rẹ̀ dé, ojú àwọn ọmọ olóògbé ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri lẹ́yìn wọn hàn ketekete. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi yarí pé àwọn kò ní san owó tí ó kù, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Bí ó bá gbọ̀n ni, kàlẹ́ńdà náà pàápàá ì bá ti ṣe bàìbàì.

Kámẹ́rà òde òní a máa fúnra rẹ̀ sún lẹ́ńsì síwájú àti sẹ́yìn títí ohun tí a fẹ́ yà yóò fi hàn kedere. Ohun tí ó ń wá ni ibi tí dúdú àti funfun ti pààlà: etí fìlà, ìpéǹpéjú, lẹ́tà ara ìwé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù, ààlà wọ̀nyí a wọnú ara wọn, lẹ́ńsì a sì máa táràrà. Aṣọ aláró, irun dúdú, òru dúdú: kí ni yóò rí dìmú? Kàlẹ́ńdà funfun, dájúdájú.

Polaroid gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1978. Kámẹ́rà SX-70 Sonar wọn ń ju ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ lu nǹkan, ó sì ń fi ìpadàbọ̀ ohùn náà mọ bí ó ti jìnnà tó, gẹ́gẹ́ bí àdán. Òkùnkùn kò dí i lọ́wọ́ rárá. (Àmọ́ bí o bá dúró lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, gíláàsì ni yóò mú.)

Ẹ má sì jẹ́ kí iye tí àwọn oníṣòwò ń kéde tàn yín. Ní ọdún 2018, wọ́n kọ ọ́ pé Canon EOS R lè ṣiṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ EV −6, èyí tí ó kéré ju ti òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì f/1.2 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lẹ́ńsì f/4 kò lè gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú 11 ìmọ́lẹ̀ náà wọlé.

N kò dá onífọ́tò wa láre tán. Àwọn onífọ́tò ayé àwọn bàbá wa a máa fi ọwọ́ yí lẹ́ńsì. Òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni a ní kí ó pa iná kékeré tí ń tàn níwájú kámẹ́rà rẹ̀, pé ó ń ta sí àwọn àgbà lójú. A kò mọ̀ pé iná náà ni kámẹ́rà fi ń ríran.

Mo san owó tí ó kù. Títí di òní, bí mo bá ṣí álíbọ́ọ̀mù náà, mo lè ka gbogbo ọjọ́ inú oṣù náà lára ògiri. Ojú ìyá mi ni n kò rí.