Abẹ́rẹ́ Òkèèrè àti Gbẹ́rẹ́ Ọjà Akẹ̀sán

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, àwọn àgbà wí pé abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni a gbé wá síwájú yín ní oṣù yìí. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó.

Ìwòsàn kan ń gbilẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ físíótẹ́rápì káàkiri ayé. Wọn a mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn kankan, wọn a fi gún ibi tí ẹran ara ti ta kókó, kí ìrora ẹ̀yìn, ọrùn tàbí èjìká lè rọlẹ̀. Ní ọdún 1979, Karel Lewit, oníṣègùn ará Prague, kọ ọ́ sí ìwé pé gígún abẹ́rẹ́ nìkan a máa mú ìrora fúyẹ́, bí oògùn kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 1983, Janet Travell, ẹni tí ó ti ṣe oníṣègùn Ààrẹ Kennedy ní Amẹ́ríkà, àti David Simons tẹ ìwé ńlá jáde lórí kókó inú ẹran ara wọ̀nyí.

Bí ọ̀mọ̀wé wa bá gbọ́ èyí, yóò mi orí pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí làkúrègbé ń dà láàmú bá ra ẹ̀tù ní Ọjà Akẹ̀sán, nítòsí ààfin Aláàfin, tí ó sì sín gbẹ́rẹ́ sí orúnkún, ọ̀mọ̀wé kan náà yóò yínmú, yóò ní ìwà òkùnkùn ni. Ǹjẹ́ ó ti yẹ̀ ẹ́ wò? Rárá o. Ẹ̀gàn kì í ṣe ìwádìí.

Àwọn olùfẹ́ ilẹ̀ baba wa pẹ̀lú, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ má ṣe wí pé ohun kan náà ni méjèèjì, pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Gbẹ́rẹ́ a máa la awọ, a ó sì fi ẹ̀tù ra ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí a máa wọ inú ẹran ara lọ láìsí oògùn. Òun pàápàá kì í ṣe idán: ìwádìí fi hàn pé ó lè dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ìtura náà ń pẹ́ kò lágbára, bí ọwọ́ bá sì ṣì í ní àyà, ó lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Ìyìn tí kò ní ẹ̀rí kò gbé ìṣègùn wa ga.

Èyí tí ó ká wa lára jù ni abẹ. Abẹ kan tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn mẹ́ta lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ oníṣẹ́ físíótẹ́rápì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lò ó, a ó sì sọ ọ́ nù. Abẹ tuntun kò wọ́n tó ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ wo àwọn ará Ṣáínà. Wọn kò ju abẹ́rẹ́ baba wọn nù, wọn kò sì fi ẹnu lásán yìn ín. Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé, wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì. Ní ọdún 2010, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àjogúnbá gbogbo ayé. Kí ni ó dí wa lọ́wọ́? Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní físíótẹ́rápì láti ọdún 1966. Ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907 ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen. Àárín méjèèjì ni Ọ̀yọ́ wà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó Ọjà Akẹ̀sán. Ìjọba sì tún un kọ́. Ìmọ̀ tí ó bá bá adáhunṣe wọ ibojì, ta ni yóò tún un kọ́?

Nítorí náà, kí àwọn ìjòyè pe àwọn adáhunṣe àti olólà jọ, kí wọ́n pàṣẹ abẹ tuntun fún olúkúlùkù aláìsàn. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó tì wọ́n, kí wọ́n kọ ewé, àrùn àti àbájáde sílẹ̀, ìbáà dára, ìbáà burú. Èyí tí ó bá yege, kí a dì í mú. Èyí tí ó bá kùnà, kí a jọ̀wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti baba wa, ìbáà jẹ́ ti òkèèrè.