ORÚKỌ NI KÍ A KỌ, KÌ Í ṢE IYE NÌKAN

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, bóyá ẹ ó béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà. Ó kàn wá gidigidi. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni ìpìlẹ̀ gbogbo fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ oníṣòwò àti ọmọ ilé-ìwé káàkiri ilẹ̀ wa. Ọkàn rẹ̀, tí à ń pè ní kernel, ni ó ń darí ọ̀rọ̀ tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nínú kernel yìí, apá púpọ̀ ni ó jọ ń lo ohun kan náà. Nítorí náà ni a ṣe fi òǹkà sí ara rẹ̀: ẹni tí ó bá dì í mú á fi 1 kún un, ẹni tí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ á yọ 1 kúrò. Bí òǹkà bá di òfo, a ó fi àyè ohun náà fún ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá yọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó kó ohun náà kúrò nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń lò ó. Ihò tí olè ń gbà wọlé nìyẹn. Bí ó bá sì gbàgbé láti yọ ọ́, ohun náà kò ní kúrò láé. Ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà.

Àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ mọ ìyà yìí. Wọn a fẹ́ yọ ẹnu-ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kan kúrò, kernel a sì máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá pé òun ń dúró, nítorí ẹyọ 1 ṣì kù. Ta ni ó di ẹyọ náà mú? Òǹkà kò mọ̀. Ó dà bí alájọ tí ó mọ iye owó inú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Òǹkà àtijọ́ tún lè kún títí yóò fi yí padà sí òfo. Ní ọdún 2017, Linux 4.11 mú òǹkà tuntun wá tí ó ń dènà èyí. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí ẹni tí ó gbàgbé. Ní ọdún 2022 ni Linux 5.17 gbé iṣẹ́ Eric Dumazet jáde: ẹni tí ó bá di nǹkan mú á gba ìwé ẹ̀rí, a ó sì kọ ibi tí ó ti gbà á sílẹ̀. Ìwé tí a kò dá padà ni yóò fi ajigbèsè hàn.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìwé yìí ń jẹ àyè, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n a lè kọ́ kernel láìsí i fún iṣẹ́ òòjọ́, kí a sì kọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àléébù rẹ̀ gan-an ni pé, níbi tí ẹni tí ó kọ iṣẹ́ náà kò bá ti béèrè ìwé, kò sí ohun tí a ó rí kà. Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí a má ṣe gba iṣẹ́ tuntun kankan wọlé tí ó bá di ẹnu-ọ̀nà mú láìgba ìwé. Kí àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yìí sì fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí ó tó di bárakú fún wọn láti mú nǹkan láìfi orúkọ sílẹ̀.